Àlọ́ Àpamọ̀ Alàwòrán: Èwo Ni Ó Tóbi Jù?

Ìran Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí àlọ́ àpamọ̀. Kí àlọ́ onítàn tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, àgbà a máa kọ́kọ́ fi àpamọ̀ dán àwọn ọmọdé wò. Yóò sọ̀rọ̀ nípa ohun kan lọ́nà tí yóò fi dà bí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì máa wá ohun tí ọ̀rọ̀ náà bá mu kiri nínú ọkàn wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú àpamọ̀ mìíràn wà tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Àwòrán lásán ni. A yà á sójú ìwé, ẹni tí ó bá sì fẹ́ já a gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wá òfin tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹni tí ó yà á lè já a. Ọmọdé pàápàá lè já èyí tí ó ti dá àgbà dúró.

Nínú gbogbo irú àpamọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí ó dá lórí fífi títóbi ohun kan wé ti òmíràn ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wò, nítorí pé òun ni ó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ta ni kò mọ ńlá yàtọ̀ sí kékeré? Obìnrin tí ó ń to ọsàn ní òkìtì-òkìtì lọ́jà kò nílò òṣùwọ̀n kí ó tó mọ èyí tí yóò gbé sí orí òkìtì. Síbẹ̀, bí a bá ní kí ènìyàn sọ ohun tí títóbi jẹ́ gan-an, tàbí kí ó kọ́ ẹ̀rọ kan tí kò mọ nǹkan kan láti rí i, ọ̀rọ̀ náà a di ohun tí ó gba làákàyè.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ àwọn àpamọ̀ wọ̀nyí jù lọ ni Mikhail Bongard, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará ilẹ̀ Soviet, tí a bí ní 1924. Ìlú Moscow ni ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1967 ó tẹ ìwé kan jáde ní èdè Rọ́ṣíà, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń dá nǹkan mọ̀ àti bí a ṣe lè mú kí ẹ̀rọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ìwé náà ni ó to 100 àpamọ̀ alàwòrán sí. Ní 1970 a túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a ṣe ṣètò ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn àpamọ̀ náà nìyí: àpótí mẹ́fà wà ní apá òsì ojú ìwé, mẹ́fà sì wà ní apá ọ̀tún, àwòrán sì wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ohun kan wà tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa gbogbo àpótí mẹ́fà tí ó wà lósì, tí kò sì jẹ́ òtítọ́ nípa ẹyọ kan nínú àwọn ti ọ̀tún. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń já a ni láti rí ohun náà, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣáájú nínú ìwé náà kò le rárá. Àwòrán kan ṣoṣo ni ó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, oríṣiríṣi ni wọ́n sì jẹ́ ní ìhà méjèèjì. Ohun tí ó yà wọ́n ni pé àwọn ti òsì tóbi, àwọn ti ọ̀tún sì kéré. Ènìyàn lè béèrè ìdí tí ẹni tí ó yà á fi ń pààrọ̀ àwòrán láti àpótí dé àpótí. Ìdí rẹ̀ ni pé, bí gbogbo ti òsì bá jẹ́ onígun mẹ́ta ńlá, tí gbogbo ti ọ̀tún sì jẹ́ róbótó kékeré, ìdáhùn yóò di méjì: ẹnì kan lè sọ pé igun ni ó yà wọ́n, ẹlòmíràn lè sọ pé títóbi ni, kò sì sí ẹni tí yóò lè dá ẹjọ́ wọn. Nítorí náà ni a ṣe ń da ohun tí kò ṣe pàtàkì rú, kí èyí tí ó ṣe pàtàkì lè dá dúró. Bí a bá fi tàdáwà kun inú àwòrán kan, a ó fi inú òmíràn sílẹ̀ ní òfìfo. Bí a bá gbé ọ̀kan sí òkè àpótí, a ó gbé èkejì sí ìsàlẹ̀. Ohun tí ó bá ń yí padà láàrín ìhà kan náà kò lè jẹ́ òfin ìhà náà.

Àwọn àpótí ti ọ̀tún kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Bí a bá fi ọwọ́ bò wọ́n, tí a sì bi ènìyàn pé kí ni àwọn ti òsì fi jọra, ó lè dáhùn pé ìlà dúdú lórí ìwé funfun ni gbogbo wọn, tàbí pé ohun kan ṣoṣo ni ó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, tàbí pé kò sí èyí tí ó fara kan etí àpótí. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì wúlò. Ìgbà tí a bá ṣí ti ọ̀tún ni a tó mọ èyí tí ó yẹ kí a mú nínú àwọn òtítọ́ náà. Òun náà ni ó ń sọ fún wa ohun tí a ń pè ní ńlá. Nínú èdè Yorùbá pàápàá, bí ẹnì kan bá sọ pé nǹkan tóbi, ẹni tí ń gbọ́ ọ lè béèrè pé, “Ó tóbi ju kí ni lọ?” Ọmọ erin kékeré tóbi ju èkúté ńlá lọ, ọ̀rọ̀ náà kò sì rú ẹnikẹ́ni lójú. Bí a bá yọ àwọn àwòrán kékeré ti ọ̀tún kúrò, tí a sì fi èyí tí ó kún gbogbo àpótí rọ́pò wọn, àwọn kan náà tí a ti pè ní ńlá yóò di kékeré lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn wọ́n.

Nínú àpamọ̀ mìíràn láti inú ìwé kan náà, onígun mẹ́ta àti róbótó ni ó wà nínú àpótí, lósì àti lọ́tún. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ti àkọ́kọ́ yóò wá àwòrán ńlá lósì, yóò wá kékeré lọ́tún, kò sì ní rí ohun tí ó ń wá. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi rúlà ya àwọn àpótí wọ̀nyí. Nínú àpótí kìn-ín-ní lósì, kí ó ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8, kí ó sì ya róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Nínú èkejì lósì, kí onígun mẹ́ta jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, kí róbótó má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Lọ́tún, kí ó ya róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8, pẹ̀lú onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 4. Onígun mẹ́ta ti ọ̀tún yìí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 4, tóbi ju ti àpótí kejì lósì, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 2. Bí ó bá ṣe pé onígun mẹ́ta ńlá ni a ń wá, ọ̀tún ni ì bá borí ní ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò bìkítà fún èyí. Ohun tí ó sọ ni pé lósì, onígun mẹ́ta tóbi ju róbótó tí wọ́n jọ ń gbé inú àpótí kan lọ. Lọ́tún, róbótó ni ó tóbi ju onígun mẹ́ta lọ.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Nínú àpamọ̀ àkọ́kọ́, a fi àpótí wé àpótí. Nínú èyí, a ní láti kọ́kọ́ fi àwòrán wé àwòrán nínú àpótí kan náà, kí a pa àbájáde rẹ̀ mọ́ sọ́kàn, kí a gbàgbé bí àwọn àwòrán náà ti tóbi tó ní tòótọ́, kí a tó wá fi àbájáde wé àbájáde láti àpótí dé àpótí. Òfin náà kò sí lára onígun mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lára róbótó. Àárín àwọn méjèèjì ni ó wà. Ẹni tí ó bá ge àwòrán kan yọ kúrò nínú àpótí rẹ̀, tí ó sì gbé e lọ fún ẹlòmíràn pé kí ó sọ ìhà tí ó ti wá, kò fún un ní ohunkóhun tí ó lè fi dáhùn.

Òmíràn wà níbẹ̀ tí kò tilẹ̀ béèrè èyí tí ó tóbi jù. Àwòrán púpọ̀ ni ó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Lósì, àwọn àwòrán tí ó wà nínú àpótí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ààyè kan náà lórí ìwé, bí ìrísí wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Lọ́tún, ìka kò dọ́gba, ńlá àti kékeré ni ó dà pọ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ńlá níbẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ìdọ́gba ni òun ì bá máa wá.

Bí a bá sì ti dárúkọ ààyè tí àwòrán gbà, ìṣòro mìíràn ti yọjú. Kí ni a ń wọ̀n nígbà tí a bá sọ pé àwòrán kan tóbi ju èkejì lọ? Gíga rẹ̀ ni, tàbí fífẹ̀ rẹ̀, tàbí gbogbo ààyè tí ó gbà? Ẹ jẹ́ kí a mú onígun mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 4, tí ìdí rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ jẹ́ kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Onígun mẹ́ta náà fi ìlọ́po méjì ga ju róbótó lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò ààyè tí wọ́n gbà, ti onígun mẹ́ta náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 1, ti róbótó sì lé díẹ̀ ní 3. Ènìyàn méjì lè jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí àwọn méjèèjì sì jàre. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í ya irú méjì bẹ́ẹ̀ sínú àpamọ̀ kan, àfi bí ó bá jẹ́ pé gíga gan-an ni òfin tí ó fi pamọ́.

Ojú pàápàá kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè gbára lé pátápátá. Àwòrán kan wà tí a fi orúkọ Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, pè. Róbótó méjì tí ó dọ́gba ni. A fi àwọn róbótó ńlá yí ọ̀kan ká, a sì fi àwọn kéékèèké yí èkejì ká. Ẹni tí ó bá wò wọ́n yóò sọ láìṣiyèméjì pé èyí tí ó wà láàrín àwọn kéékèèké ni ó tóbi jù. Bí ó bá fi rúlà wọ̀n wọ́n, yóò rí i pé wọ́n dọ́gba. Bí ó bá sì tún gbé ojú sókè wò wọ́n, wọn kò ní dọ́gba lójú rẹ̀ síbẹ̀. Ojú kì í wo ohun kan ní òun nìkan. Pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń wò ó. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ń ṣe àpamọ̀ títóbi fi ń jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà hàn gedegbe, kí ó má baà jẹ́ pé ojú ni yóò jìyà ohun tí ọpọlọ kò mọ̀.

Báwo wá ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n já ṣe ń já a? Kì í tẹjú mọ́ àpótí kan títí. Ó ń yára wo gbogbo méjìlá, ó ń dá àbá kan, ó sì ń gbé àbá náà lọ láti àpótí kan dé èkejì. Ó lè kọ́kọ́ béèrè pé mélòó ni wọ́n. Bí iye kò bá yà wọ́n, ó lè béèrè ìrísí wọn, ibi tí wọ́n dúró sí, ìhà tí wọ́n kọjú sí, kí ó tó kan títóbi. Lórí títóbi nìkan, ìbéèrè rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀: ṣé gbogbo wọn ni ó tóbi, tàbí ọ̀kan láàrín wọn? Ṣé èyí tí ó dúdú ni ó máa ń tóbi jù, tàbí èyí tí ó wà lókè? Ṣé ìyàtọ̀ wà, tàbí kò sí? Àpótí kan ṣoṣo tí ó bá kọ̀ ti tó láti wó àbá kan lulẹ̀, àní bí àwọn mọ́kànlá yòókù bá gbà á. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà nìyí. Wọn kì í fẹ́ fi àbá tí wọ́n ti fẹ́ràn sílẹ̀; wọn a máa wá àwáwí fún àpótí tí ó kọ̀ náà, wọn a ní bóyá ọwọ́ ẹni tí ó yà á ni ó gbọ̀n.

Kì í ṣe pé a bí ọgbọ́n ìfiwéra yìí mọ́ ènìyàn ní kíkún. Jean Piaget, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, fi èyí hàn pẹ̀lú Alina Szemińska nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1941. Wọ́n kó igi fún àwọn ọmọdé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ gùn ju èkejì lọ, wọ́n sì ní kí wọ́n tò wọ́n láti orí kúkúrú dé orí gígùn. Àwọn tí ó kéré jù lè mú igi méjì, kí wọ́n sọ pé èyí gùn, èyí kúrú, kí wọ́n tún mú méjì mìíràn. Ṣùgbọ́n wọn kò lè so méjì-méjì náà pọ̀. Àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ jù wọ́n lọ a máa tò ó nípa dídán an wò, wọ́n a gbé e, wọ́n a tún un gbé. Nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún méje, yóò wá èyí tí ó kúrú jù nínú gbogbo wọn, yóò fi í lélẹ̀, yóò tún wá èyí tí ó kúrú jù nínú ìyókù. Ohun tí ọmọ yẹn mọ̀ tí àbúrò rẹ̀ kò mọ̀ ni pé igi kan ṣoṣo lè gùn ju ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ kí ó sì kúrú ju ti iwájú rẹ̀ lọ, nígbà kan náà.

Àwọn mìíràn ti fi irú àpamọ̀ yìí ṣe òṣùwọ̀n fún ènìyàn. Ní 1938, John Raven ní ilẹ̀ Britain gbé ìdánwò kan jáde tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, níbi tí àwọn àwòrán ti tò ní ìlà-ìlà, tí wọ́n ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ, tí ọ̀kan sì ṣófo ní ìparí. Ẹni tí ń ṣe é yóò mú èyí tí ó yẹ kí ó wà ní ibẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Britain lò ó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì láti fi yan ènìyàn sí iṣẹ́. Nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, àwọn kan rò pé kò lè ṣe ojúsàájú sí ẹnikẹ́ni. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti rí ọgọ́rùn-ún irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí a ń béèrè kí ó tó jókòó. Ẹni tí kò rí i rí yóò kọ́kọ́ wá ohun tí a ń béèrè, kí ó tó wá ìdáhùn. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ni máàkì tí àwọn ènìyàn ń gbà nínú irú ìdánwò yìí ti gòkè gan-an láàrín ọ̀rúndún ogún, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ọpọlọ tí a fi ń bí ọmọ ni ó yí padà ní ìwọ̀nba ọdún bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tí yóò fi ojú ìwé kan pinnu ọ̀nà ọmọ ọlọ́mọ rántí èyí.

Ní ti Bongard, kì í ṣe ènìyàn ni ó fẹ́ wọ̀n. Ẹ̀rọ ni. Ní àkókò tirẹ̀, àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀rọ láti dá àwòrán mọ̀. Ní 1958 ni Frank Rosenblatt ní Amẹ́ríkà ròyìn èyí tí ó pè ní Perceptron, tí a ń fi ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ kọ́. Ohun tí ó jẹ Bongard lógún ni pé ẹ̀rọ tí ó bá kàn ń wo ibi tí tàdáwà dúdú wà lórí ìwé kò lè rí òfin bí irú èyí tí ó wà láàrín onígun mẹ́ta àti róbótó. Kò sí ibi kan pàtó lórí ìwé tí “ó tóbi ju èkejì lọ” gbé wà. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, kí ó mọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó wọ̀n wọ́n, kí ó fi wọ́n wé ara wọn, kí ó tó béèrè ohun tí ó jọra. Yíyan ohun tí a ó fi wéra ni iṣẹ́ náà gan-an. Ìfiwéra fúnra rẹ̀ kò le. Ọgọ́rùn-ún àpamọ̀ náà sì jẹ́ ìpèníjà tí ó gbé síwájú àwọn tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀rọ àwọn ti ń ríran.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí sórí ìwé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Kora, wọ́n sì lò ó fún àwọn tí ń wa epo rọ̀bì. A ń wọn oríṣiríṣi nǹkan nínú kànga tí a gbẹ́, ìbéèrè sì ni pé ìpele ilẹ̀ wo ni epo wà nínú rẹ̀, èwo ni ó jẹ́ pé omi ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé àpamọ̀ kan náà ni: àwọn tí a mọ̀ pé wọ́n ní epo wà lósì, àwọn tí a mọ̀ pé omi ni wọ́n ní wà lọ́tún, kí ni ó wà lára àwọn ti òsì tí kò sí lára àwọn ti ọ̀tún? Ní 1976, Israel Gelfand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo irú ọ̀nà yìí láti fi ya àwọn ibi tí ilẹ̀ lè mì tìtì gidigidi ní California sọ́tọ̀. Bongard kò sí láyé mọ́ nígbà náà. Níbi tí ó ti ń gun òkè ni ó ti kú ní 1971.

Ì bá ṣe é ṣe kí a gbàgbé àpamọ̀ rẹ̀, bí kò ṣe ti Douglas Hofstadter, ará Amẹ́ríkà, tí ó kọ̀wé nípa wọn ní 1979, tí ó sì fi kún wọn. Ní Yunifásítì Indiana, níbi tí Hofstadter ti ń kọ́ni, Harry Foundalis parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní 2006 lórí ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó ń jẹ́ Phaeaco, tí ó lè já díẹ̀ nínú àwọn àpamọ̀ náà. Ní 2020 àwọn onímọ̀ kan ṣe irú rẹ̀ tuntun 12,000 láti fi kọ́ ẹ̀rọ àti láti fi dán an wò, wọ́n sì rí i pé ènìyàn fi ọ̀nà jíjìn borí ẹ̀rọ. Ní 2024, àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Jámánì gbé 100 ti Bongard fúnra rẹ̀ síwájú àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ń wo àwòrán tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, àwọn tí a ti fi àìmọye àwòrán kọ́. Èyí tí ó dára jù lọ nínú wọn ní ìgbà náà kò lè já ìdajì. Ó yani lẹ́nu pé ẹ̀rọ tí ó lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún ènìyàn lè wo róbótó ńlá àti róbótó kékeré kí ó má mọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ nípa wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti rí lè ya ti ara rẹ̀, kí ó sì gbé e fún ẹgbẹ́ rẹ̀ láti já. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé yíyà á le ju jíjá a lọ, nítorí pé òfin kejì tí kò ní lọ́kàn a máa yọ́ wọlé: ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn pé “Gbogbo ti òsì ni ó ní ohun kan tí ó fara kan etí àpótí,” òtítọ́ ni yóò sì jẹ́. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbìyànjú èyí tí àpótí rẹ̀ kò ju mẹ́ta-mẹ́ta lọ, tí a sì to àwòrán mẹ́ta sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ní apá òsì: nínú àpótí kìn-ín-ní, róbótó kékeré, onígun mẹ́ta tí ó mọ níwọ̀n, onígun mẹ́rin ńlá. Nínú èkejì, onígun mẹ́ta ńlá, onígun mẹ́rin tí ó mọ níwọ̀n, róbótó kékeré. Nínú ẹ̀kẹta, onígun mẹ́rin kékeré, róbótó tí ó mọ níwọ̀n, onígun mẹ́ta ńlá.

Ní apá ọ̀tún: nínú àpótí kìn-ín-ní, róbótó kékeré, onígun mẹ́ta ńlá, onígun mẹ́rin tí ó mọ níwọ̀n. Nínú èkejì, onígun mẹ́ta tí ó mọ níwọ̀n, onígun mẹ́rin kékeré, róbótó ńlá. Nínú ẹ̀kẹta, onígun mẹ́rin ńlá, róbótó kékeré, onígun mẹ́ta tí ó mọ níwọ̀n.

Kí ni ó wà lósì tí kò sí lọ́tún?